Bí a ṣe ń yẹ èròjà oúnjẹ ajá gbígbẹ wò kí a tó sanwó

Ọmọ Ṣágámù, Houston:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ajá kékeré kan fún àwọn ọmọ wa, oṣù 3 ni. Nílé bàbá mi, ẹ̀bà àti orí ẹja ni ajá ń jẹ, nítorí náà n kò mọ bí wọ́n ṣe ń yan oúnjẹ inú àpò. Méjì ni mo ń wò. Èròjà tó ṣáájú lára èkíní ni "chicken". Èyí tó ṣáájú lára èkejì ni "chicken meal", owó rẹ̀ sì kéré sí ti èkíní. Ẹnìkan nílé ìtajà sọ fún mi pé pàǹtírí ni "meal". Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Maryland:
Àbúrò mi, o káre tí o béèrè. Ọdẹ ni bàbá mi, kì í fi òkèlè sẹ́nu kí àwọn ajá rẹ̀ tó jẹun, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Òótọ́ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ to èròjà bí wọ́n ṣe wúwo tó, kí èyí tó wúwo jù ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n ń da èròjà sínú ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ti ìgbà tí oúnjẹ ti gbẹ tán. Ìwọ náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbágùúdá tí a rin, tí a dì sínú àpò, tí a sì gbé òkúta lé kí omi rẹ̀ lè ro dànù: gàrí tí a óò kó kúrò nínú agbada kì í tó ìdajì ohun tí a rù lọ sí ilé ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹran adìyẹ tútù. Omi tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ìdá 100 rẹ̀, nítorí náà kílò 10 tí wọ́n bá dà sínú ẹ̀rọ kò ní ju kílò 3 àti díẹ̀ lọ nígbà tó bá gbẹ, tí ìrẹsì tàbí àgbàdo tó wà ní ipò kejì, tó jẹ́ pé ó ti gbẹ kó tó wọlé, yóò sì lè pọ̀ jù ú lọ.

"Chicken meal" dà bí gàrí náà. Ẹran adìyẹ àti awọ rẹ̀ ni, nígbà mìíràn pẹ̀lú egungun, tí wọ́n ti sè, tí wọ́n yọ omi àti ọ̀rá rẹ̀, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná. Ìlànà kò gba ìyẹ́, orí, ẹsẹ̀ tàbí ìfun nínú rẹ̀. Purotéènì rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 65 nínú ìdá 100. Èyí tí èmi kì í rà ni èyí tí kò dárúkọ ẹranko, irú bíi "meat meal" tàbí "animal fat", nítorí pé n kò lè mọ ẹran ohun tó jẹ́.

Má sì fi iye purotéènì nìkan ṣe ìdájọ́. Nitrogen, èròjà kan tó wà nínú purotéènì, ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀, ìwọ̀n náà kò sì mọ ibi tí nitrogen ti wá. Ní ọdún 2007, wọ́n fi melamine, kẹ́míkà tí nitrogen pọ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ike, lú gluten (purotéènì) àlìkámà tí ó ti Ṣáínà wá, kí purotéènì rẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó pọ̀. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ ajá àti ológbò ní Amẹ́ríkà bàjẹ́, wọ́n sì kú. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ Ìpẹru, Manchester:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti orúkọ iwájú àpò kún un. Níhìn-ín, bí wọ́n bá kọ "with chicken", ìdá 4 nínú ìdá 100 péré ni adìyẹ náà gbọ́dọ̀ tó. Lọ́dọ̀ yín ní Amẹ́ríkà, ìdá 3 ni. "Flavour" kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ṣágámù, Houston:
Mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ti padà lọ ka ẹ̀yìn àpò méjèèjì. Èyí tó wọ́n jù: "chicken, peas, pea starch, pea protein", ó sì ní "maintenance" nínú gbólóhùn AAFCO (ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ ẹran ní Amẹ́ríkà). Èkejì: "chicken meal, brown rice, chicken fat", ó sì ní "growth".

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Maryland:
Èkejì ni kí o rà. Ẹ̀wà kan náà, "pea", ni wọ́n gé sí ọ̀nà 3 nínú èkíní, kí ìkọ̀ọ̀kan lè wà lẹ́yìn adìyẹ. Bí o bá kó wọn jọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n wúwo jù. "Maintenance" sì túmọ̀ sí ti ajá tó ti dàgbà, "growth" sì jẹ́ ti ọmọ ajá. Ohun tí AAFCO ń béèrè fún ọmọ ajá ni purotéènì tí kò dín ní ìdá 22.5 àti ọ̀rá tí kò dín ní ìdá 8.5, bí a bá yọ omi kúrò nínú ìṣirò. Fún àgbà, ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pé kí wọ́n má dín ní 18 àti 5.5. Bí ajá yín bá jẹ́ irú tí yóò tó páùn 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú gbólóhùn yẹn pé ó bá irú rẹ̀ mu.

Wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí o tó kúrò nílé ìtajà, má sì da oúnjẹ náà kúrò nínú àpò rẹ̀, nítorí pé ara àpò ni nọ́ńbà tí wọn yóò béèrè wà bí wọ́n bá ní kí a dá oúnjẹ padà. Fi díẹ̀díẹ̀ pò ó mọ́ èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 7, kí inú rẹ̀ má baà ṣí.