Feed line wo ló yẹ dipole 40 mítà ní Kubwa: wáyà díìṣì, RG-58, àbí wáyà alákàbà?

Ará Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà orí afẹ́fẹ́. NCC ti fún mi ní láísẹ́ńsì láti máa fi rédíò bá èèyàn sọ̀rọ̀, rédíò 100 wáàtì sì ti wà lórí tábìlì. Áńténà ló kù. Dipole 40 mítà, áńténà alápá wáyà méjì fún ìgbì tó gùn tó 40 mítà (7 MHz), ni mo fẹ́ gbé sókè: ọ̀pá kan láàárín ọgbà, apá wáyà méjèèjì á sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà fẹ́ǹsì bíi V tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Onílé ti gbà, ó kàn ní n ò gbọdọ̀ lu páànù òun.

Mítà 25 ni feed line, ìyẹn wáyà tó so áńténà mọ́ rédíò, máa gùn láti orí ọ̀pá dé fèrèsé mi. Mo ní róòlù RG-6 tí àwọn tó wá so díìṣì ṣẹ́kù, 75 ohm ni wọ́n kọ sí i lára, bẹ́ẹ̀ 50 ni rédíò mi ń béèrè. Mo rí RG-58, wáyà 50 ohm tẹ́ẹ́rẹ́, ní ọjà Wuse. Mo rí RG-213 náà, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju ti èkejì lọ dáadáa. Ẹnìkan tún ní kí n pa coax (irú wáyà tí àwọ̀n yí ká yìí) tì, kí n fi wáyà iná ilé ṣe alákàbà, wáyà méjì tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àkàbà, fúnra mi. Irin sì wà lójú gbogbo fèrèsé wa. Tó bá yá, mo fẹ́ dé ìgbì 20 mítà àti 15 náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Aláwáyà Kàdúná

Àbúrò, o kú oríire láísẹ́ńsì. Má tíì ra nǹkan kan.

Ẹ̀rù RG-58 ń ba àwọn èèyàn nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń jẹ agbára. Ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí 7 MHz, mítà 30 rẹ̀ máa ń jẹ dB (ìwọ̀n ìdínkù agbára) kan àti díẹ̀. Lórí mítà 25 tìrẹ, tó o bá fi 100 wáàtì ránṣẹ́, nǹkan bí 80 ló máa dé orí ọ̀pá. RG-213 á gbé nǹkan bí 90 débẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ní Èkó tàbí Kánò kò lè fi etí mọ ìyẹn, torí pé dB mẹ́fà ni àmì S kan lórí rédíò, ìyàtọ̀ wáyà méjèèjì kò sì tó dB kan. Ní ti gbígbọ́, ariwo ààrá àti ti iná mànàmáná tó wà lórí 40 mítà ju ohun tí wáyà ń jẹ lọ fíìfíì. Lórí 28 MHz ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà: RG-58 yẹn kan náà á jẹ nǹkan bí dB méjì, wáàtì 60 ó lé díẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù.

RG-213 tún wúwo. Ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, orí ọ̀pá ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ sì máa rọ̀ sí. Tí ọ̀pá rẹ bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, rò ó dáadáa.

Ní ti 75 àti 50: dipole tó na gbọọrọ, tó sì jìnnà sílẹ̀, máa ń fi nǹkan bí 73 ohm hàn. RG-6 bá irú ìyẹn mu, SWR (ìwọ̀n bí wọn ò ṣe bára mu tó, 1 sí 1 ló dáa jù) tí rédíò máa rí kò ju 1.5 sí 1 lọ. Ṣùgbọ́n V ni ìwọ fẹ́ ṣe, V sì máa ń fa ohm wálẹ̀ sún mọ́ 50. Tó o bá wá fi wáyà 75 sáàárín áńténà 50 àti rédíò 50, SWR lè kọjá 2 sí 1 tí gígùn wáyà náà bá bọ́ síbi tí kò dáa. Kò ní ba rédíò jẹ́, tuner inú rẹ̀, tó ń mú rédíò bá wáyà mu, á sì tún un ṣe, àmọ́ kí lo fẹ́ wá wàhálà fún? Ra RG-58.

Kó o tó sanwó, tú etí rẹ̀ wò níṣojú ẹni tó ń tà á. Àwọ̀n bàbà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bo rọ́bà funfun abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Tó o bá ń rí rọ́bà náà kedere láàárín àwọ̀n, fi í sílẹ̀ fún un.

Owó tó o bá rí fi pamọ́ níbẹ̀, choke ni kó o ná an lé. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ń rí àwọn ọmọ tuntun tó ra wáyà olówó ńlá tí wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wo àyíká wa: ilé yìí ní inverter, ìyẹn ní sólà, gílóòbù LED wà níbi gbogbo. Ariwo wọn máa ń gun ẹ̀yìn coax, ara àwọ̀n rẹ̀ lóde, títí yóò fi dé orí ọ̀pá, ibẹ̀ ni yóò gbà wọ inú coax gan-an bọ̀ wá sínú rédíò. Tó o bá tún ń sọ̀rọ̀, agbára tìrẹ náà á gba ẹ̀yìn coax yìí kan náà padà wọ yàrá, àpótí rédíò á máa ta ọ́ lọ́wọ́. Choke ló ń dí ọ̀nà yẹn. Wá òrùka ferrite ńlá tí irú rẹ̀ jẹ́ 31, kó o wé RG-58 yí i ká bí ìgbà 12, kó o gbé e sí orí ọ̀pá níbi tí apá méjèèjì ti pàdé. Tí o ò bá rí ferrite, wé nǹkan bí mítà 5 coax náà sára páìpù PVC oníìnṣì mẹ́rin, kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, má kó wọn jọ bí okùn kànga. Kò tó ferrite, àmọ́ ó sàn gidigidi ju òfo lọ.

Onírédíò Minna

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ará Kubwa, tó o bá ṣì fẹ́ lo RG-6 yẹn, gbé òòfà ìdí sìpíkà sún mọ́ wáyà àárín rẹ̀. Tó bá fà á, irin tí wọ́n fi bàbà bò ni. Fún díìṣì kò burú, torí orí awọ bàbà yẹn ni iná ń gbà ní ìgbì gíga. Ní 7 MHz, awọ náà lè má nípọn tó, iná á wọnú irin, o ó sì máa pàdánù ju ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ. Alumíníọ̀mù ló sì sábà máa ń wà nínú àwọ̀n rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ò ní mú un.

Ará Òkè Jos

Èmi ni ẹ wá pàdé o, alákàbà ni mò ń lò. Wáyà iná ilé 2.5 ni, a fi páìpù PVC tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ yà wọ́n síra ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 13, ìyẹn ń fún wa ní nǹkan bí 600 ohm. Dídára rẹ̀ ni pé SWR lè ga lórí rẹ̀ bó ṣe wù ú, agbára tó ń ṣòfò kò tó nǹkan. Dipole 40 mítà lórí 20 mítà máa ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohm hàn. Coax á jẹ ọ̀pọ̀ agbára náà dànù, alákàbà á gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀. Kò fẹ́ irin nítòsí: fi ó kéré tán ìlọ́po mẹ́rin àlàfo àárín rẹ̀ jìnnà sí páànù àti ọ̀pá irin. Kò lè gba àárín irin fèrèsé rẹ kọjá. Ara ògiri lóde ni wàá ti fi balun, ohun tó ń so alákàbà mọ́ coax, parí rẹ̀, kí coax kúkúrú wá wọlé. Tuner ńlá tún pọn dandan, torí tuner inú ọ̀pọ̀ rédíò kì í kọjá SWR 3 sí 1. Má sì gbé wáyà pẹlẹbẹ 300 ohm ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wá. Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn títí, tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rin ín, gbogbo tuner rẹ á yí padà.

Ará Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Irin ni ọ̀pá mi, ó dà bíi pé alákàbà ti bọ́ nìyẹn. Bàbá Kàdúná, tí mo bá ra RG-58, ṣé mo ti pàdánù 20 àti 15 nìyẹn?

Aláwáyà Kàdúná

Rárá o. Dipole 40 mítà máa ń gba 15 mítà fúnra rẹ̀, torí 21 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 7. Ibi tó ti máa bá ìgbì mu lè ga ju ibi tó o fẹ́ lọ díẹ̀, tuner inú rédíò á kápá ìyẹn. Fún 20, so apá méjì míì mọ́ ibi kan náà lórí ọ̀pá, lábẹ́ ti 40. Mítà 10 ó lé díẹ̀ ni apá 40 kọ̀ọ̀kan, mítà 5 ó lé díẹ̀ ni ti 20. Gé wọn gùn díẹ̀, ti 40 ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà ti 20. Jẹ́ kí etí wọn jìnnà síra, bí ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán. Coax kan náà ló máa gbé gbogbo rẹ̀. Tó o bá wá rí i pé 15 lo fẹ́ràn jù, nígbà yẹn RG-213 lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀, tí ọ̀pá bá lè gbé e.

Omi ló máa ń pa coax níbí. Etí rẹ̀ tó dojú kọ òkè á máa mu omi bí òwú àtùpà, àwọ̀n bàbà á di dúdú, kò sì ní hàn lóde. Fi téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ra rẹ̀ dì í pinpin, kó o tó fi dúdú lásán bò ó. Níbi fèrèsé, jẹ́ kó tẹ̀ sísàlẹ̀ ihò kó tó wọlé, kí omi máa kán síta.

Tí òjò bá ń ṣú, yọ ọ́ kúrò lára rédíò, kó o jù ú síta, má ṣe fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Kó o sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń gbé eruku máa ń kó iná sára wáyà tó nà sókè, ó lè jó iwájú rédíò láìsí kùrukùru kankan lójú ọ̀run. Kan ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ fèrèsé, ibẹ̀ ni kó o máa so ẹnu coax mọ́ tí o ò bá sí lórí rédíò.