Èsì: “Ìràwọ̀ abúgbàmù” (a- yẹn ò bá mi lára mu)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láàárọ̀ àná ní “ìràwọ̀ abúgbàmù” ni ká máa pe ìràwọ̀ ràgàjì tó bá gbẹ́mìí mì (“supernova” lédè Gẹ̀ẹ́sì), àti pé ńṣe ló ń ba àyíká rẹ̀ nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ jẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò tíì parí.

A- tó wà níwájú “abúgbàmù” yẹn ni mo ń bá jà. Apẹja kì í pẹja lẹ́ẹ̀kan kó di apẹja, bẹ́ẹ̀ náà ni akọrin. Ìràwọ̀ yìí ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tán. Ẹ tiẹ̀ fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i kó di “àbúgbàmù”, kó wọ agboolé àbíkú àti àjẹkù, ǹ bá rójú gbà á.

Gbàmù wá ńkọ́? Ta ló gbọ́ ọ? Ní oṣù Èrèlè 1987, Ian Shelton, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wo ìràwọ̀, wà ní ibùdó ìwòràwọ̀ lórí òkè Las Campanas ní Chile, ó fọ fọ́tò ojú ọ̀run tán, ó rí àmì kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó jáde síta, ó gbójú sókè, ojú lásán ló fi rí i. Ọ̀nà rẹ̀ jìn ju 160,000 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀ lọ (ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé lọ́dún kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan). Gbàmù kankan ò dún. Àwọn ará Ṣáínà tó rí irú rẹ̀ ní 1054, tó tàn lójú ọ̀sán gangan fún ọjọ́ 23, “ìràwọ̀ àlejò” ni wọ́n pè é. Ẹ ò rí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ!

Ti pé ó ń ba àyíká jẹ́ ló dùn mí jù. Bàbá bàbá mi, tí wọ́n bá sun oko tán, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbá eérú ibẹ̀ kúrò. Ìràwọ̀ tó bá wúwo tó oòrùn mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn, mílíọ̀nù ọdún ló ń lò níbi tí oòrùn wa ti ń ka bílíọ̀nù. Kì í ráyè rìn jìnnà kó tó kú, àárín gáàsì àti eruku tí wọ́n bí i sí náà ló ń kú sí. Ohun tó ti sè sínú ló ń fọ́n síbẹ̀, títí kan èyí tó pọ̀ jù nínú ọ́síjìn tí à ń mí sínú yìí. Ti 1987 yẹn, òrùka gáàsì kan yí i ká tó ti bọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 20,000 ọdún kó tó kú. Nígbà tó tó bí ọdún mẹ́wàá tí a ti rí ikú rẹ̀, ìgbì tí ikú náà tú jáde kan òrùka náà, ó wá ń tàn lójú kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín.

Mo gbà pé ó ń lé gáàsì dànù. Oòrùn wa gan-an wà nínú ihò ńlá kan tí irú ikú bẹ́ẹ̀ gbẹ́, ó fẹ̀ tó 1,000 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n etí ihò yẹn gan-an ni àwọn ìràwọ̀ tuntun ti ń hù. Ikú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ti wà nídìí rẹ̀.

“Ìfọ́nká ìràwọ̀” ni tèmi. Èyí tó bá ṣẹ́ kù láàárín, ẹ pè é ní àṣẹ́kù.

Ẹni tó ti ń yọ mí lẹ́nu níkọ̀kọ̀ pé “ìfúnká” ló tọ̀nà nítorí afúnrúgbìn inú Bíbélì, tó tún ń bi mí pé ta ló kọ́ mi ní gírámà: ìyá mi ni. Wọ́n á bu àgbàdo sọ́wọ́ láràárọ̀, wọ́n á ní “ẹ jẹ́ n fọ́n ọn fún wọn”. Ẹ lọ bi àwọn adìẹ.