Jíìpù wo ni kí àwa mẹ́fà rà, tí yóò tún wúlò fún wa ní Èkìtì?

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló gbé mi wá síbí. Ọkọ̀ kékeré tí a ti ń lò láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí kò gbà wá mọ́. Àwọn ìbejì ti pé ọmọ ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n wọn ti di ọmọ ọdún méje, ìyá ọkọ mi sì ń bọ̀ láti Adó ní oṣù tó ń bọ̀. Àwa mẹ́fà nìyẹn. $18,000 la rí kó jọ, a kò sì fẹ́ jẹ gbèsè. A fẹ́ lò ó níbí fún bí ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn náà ká fi ránṣẹ́ sílé kí àwọn òbí wa lè máa rí nǹkan gùn.

Mo ti rí méjì. Ọ̀kan jẹ́ Toyota Highlander 2015, ó ti rin 118,000 máìlì. Èkejì jẹ́ ti 2019, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, òun náà ní ìjókòó ìlà mẹ́ta. Ó mọ́ tónítóní, 61,000 máìlì péré ló rìn, owó rẹ̀ sì tún fi $1,500 dín sí ti àkọ́kọ́. Ọkọ mi ní tuntun yìí ni ká mú. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (Manchester)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ tuntun jù tí owó rẹ̀ tún wá kéré jù, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ṣe é.

Lọ́dọ̀ wa níbí, tí ọkọ̀ bá ti lé ní ọdún mẹ́ta, ọdọọdún la ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò MOT. Àbájáde rẹ̀ wà lórí ìkànnì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, ó lọ sẹ́yìn títí dé 2005. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ nìkan lẹ máa tẹ̀, ẹ ó sì rí iye máìlì tó ti rìn lọ́dọọdún àti ohun tí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ sílẹ̀. Ọkọ̀ kan tí mo fẹ́ rà ní èṣí, ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń kọ ọ́ pé ìpẹtà ń jẹ irin abẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán bíi dígí. Mo fi í sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiyín, Carfax àti AutoCheck, àwọn tó ń ta àkọsílẹ̀ ìtàn ọkọ̀, lẹ máa lò, kí ẹ sì fi owó ara yín rà á. Ẹ má gba bébà tí ẹni tó ń tajà bá tẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ọba bíi tèmi, ẹ má rò pé ẹ lè fi ọkọ̀ tibí ránṣẹ́ sílé o. Ọwọ́ ọ̀tún ni sìtíàrìn rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ láti April 2, 1972 ni Nàìjíríà ti yí sí apá ọ̀tún títì. Wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tí sìtíàrìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún wọlé.

Bàbá Ìfẹ́ (Baltimore, mo wà nílé lọ́wọ́)

Àbúrò mi, Ìyá Ìbejì, Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà o. Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà báyìí, lábẹ́ páànù mẹkáníìkì. Wọ́n ń pààrọ̀ ṣọ́kì ọkọ̀ bàbá mi, nítorí náà mo ráyè kọ̀wé dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí. Ní 2017 mo ra jíìpù kan tó wù mí púpọ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Jíà rẹ̀ jẹ́ CVT. Jíà yìí kò ní eyín tó ń wọ inú ara wọn bíi ti jíà tí a mọ̀. Bẹ́líìtì irin kan ló ń yí láàárín púlì méjì, bí púlì bá ṣe ń fẹ̀ tó ń fún ni ọkọ̀ ṣe ń lágbára tàbí tó ń sáré. Kì í jẹ epo púpọ̀, ó sì máa ń rọra lọ ni, ẹ kò ní mọ ìgbà tó yí jíà. Ṣùgbọ́n tí ọ́ìlì rẹ̀ bá gbó tàbí tó gbóná jù, bẹ́líìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, irin á máa họ irin. Lórí títì Baltimore tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mi ò rí àmì kankan.

Mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi. Ọdún kejì, níbi tí wọ́n ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, èèyàn márùn-ún àti àpò iṣu mẹ́ta nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ mọ́. Wọ́n fa á dé Adó. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ní ọ́ìlì ló gbẹ, ó sì da ọ́ìlì jíà lásán sí i. CVT ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Oṣù méje ni ọkọ̀ yẹn fi dúró lábẹ́ igi máńgòrò, tí à ń wá jíà tòkunbọ̀ rẹ̀ kiri ní Ládípọ̀. Oṣù méje ọ̀hún, bàbá mi tó jẹ́ ẹni ọdún 77, ọ̀kadà ló ń gùn lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Títí di òní, tí mo bá rántí, ó máa ń dùn mí.

Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọkọ̀ wo ló dára, èmi náà á bi í pé: ta ni yóò tún un ṣe, níbo sì ni? Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní crossover yìí, ìrísí jíìpù ló ní, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kan mọ́tò kékeré ni wọ́n ṣe kàn án. Kò ní férémù irin lábẹ́ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Nítorí náà ẹ má fi gíga rẹ̀ tàn ara yín. Ẹ́ńjìnnì àti jíà rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Highlander 2014 sí 2016 tó jẹ́ V6 (onísílíńdà mẹ́fà), ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 ni, jíà onípele mẹ́fà tí gbogbo mẹkáníìkì Adó àti Àkúrẹ́ ti tú rí. Ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì. Èyí ṣe pàtàkì. Honda Pilot àwọn ọdún yẹn náà lágbára, ìlà mẹ́ta ló ní, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ló ń lò nínú ẹ́ńjìnnì, tó bá ti ń sún mọ́ 100,000 máìlì, ó ti tó pààrọ̀. Tí bẹ́líìtì yẹn bá já lójú ọ̀nà, irin inú ẹ́ńjìnnì á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Tí ẹ bá rí Pilot, ẹ béèrè rísíìtì bẹ́líìtì. Bí kò bá sí rísíìtì, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀.

RAV4 dára gan-an, kò sì jẹ epo tó Highlander: nínú ìlú, nǹkan bíi máìlì 24 lórí gálọ́ọ̀nù kan, Highlander V6 kò ju bíi 19 lọ. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní 2023, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré nílé. Ṣùgbọ́n láti 2013 RAV4 kò ní ìlà kẹta mọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin sì jẹ́ mẹ́fà. Honda CR-V, láti 2015 ni wọ́n ti fi CVT sí i lọ́dọ̀ yín. Hyundai àti Kia tó ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Theta II, láti 2015 ni wọ́n ti ń pe púpọ̀ nínú wọn padà nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń kú lójijì. Ẹ wádìí nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ìlú omi ni Houston. Ẹ rántí ìjì Harvey tó fa omíyalé ní August 2017. Ọkọ̀ tó bá ti mumi, wọ́n á gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n á gba ìwé tuntun, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e padà wá tà. Carfax lè má rí i. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tó fi dópin, kì í ṣe ìdajì o. Èyí tó wà nínú ilé rẹ̀ kì í rí ọṣẹ. Tí ẹ bá rí ìlà àwọ̀ ilẹ̀ kan tó dábùú rẹ̀, ibẹ̀ ni omi dé. Ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ tan iná fóònù sábẹ́ ìjókòó iwájú, kí ẹ wo irin tí ìjókòó ń rìn lé. Irin tó wà nínú ọkọ̀ kì í dípẹtà láìnídìí. Kí ẹ sì lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá bá a tó ti gbóná, ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ san owó fún mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tajà, kó gbé ọkọ̀ sókè, kó fi síkánà wò ó. Ẹ sọ fún un kó wò ó bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù (àmì àìsàn tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀) rẹ́: tí wọ́n bá pa á rẹ́, ọkọ̀ kò ní tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀, síkánà á sì fi hàn. Lórí Highlander yẹn, kó wo ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀ǹpù omi. Omi rédíétọ̀ Toyota máa ń ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tó bá ti ń jò á gbẹ síbẹ̀ bí iyọ̀.

VIN, nọ́ńbà alámì 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà. Gbogbo àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kéde tí ẹni tó ni ín kò tíì lọ ṣe yóò jáde. Mo fẹ́ kí gbogbo wa tí à ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé fetí sí èyí, nítorí èébàgì tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi bú gbàmù, táá máa fọ́n irin sí èèyàn lójú. Ooru àti ọ̀rinrin ni tiwa nílé. Lọ́hùn-ún, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe é kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọmọ Ìjerò (Winnipeg)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n èmi ń lo CVT láti ọdún mẹ́fà, mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo 50,000 kìlómítà, kò yọ mí lẹ́nu rí. Tèmi ni pé kí Ìyá Ìbejì mú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ẹrẹ̀ òjò ilé.

Bàbá Ìfẹ́ (Baltimore, mo wà nílé lọ́wọ́)

Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Tí ẹni tó ni ín bá ń tọ́jú rẹ̀ bí o ṣe ń ṣe, tí kò sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, kò burú.

Ti ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mi ò fara mọ́. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra, kí wọ́n sì gbó bákan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ jíà ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ òdì. Báwo la ṣe ń ra táyà nílé? Ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lóṣù tó ń bọ̀, tòkunbọ̀ sì ni. Ẹsẹ̀ méjì pẹ̀lú táyà gidi á gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà lẹ́yìn DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A lọ ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló fa bẹ́líìtì ti 2019 yẹn jáde. Ó ku bí ìka mẹ́rin kó tán nígbà tí ìlà náà yọ, ó gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹni tó ń tà á ní ọmọ kan ló da tíì sí i. Ọkọ mi rọra jẹ́ kó padà sínú ilé rẹ̀, ó ní ká máa lọ.

Highlander: V6 ni, ẹsẹ̀ méjì. $150 la san fún mẹkáníìkì. Síkánà mọ́. Ohun pupa gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ọ̀ǹpù omi lóòótọ́, a ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì yọ $900 kúrò nínú owó.

Ohun kan tí a kò rò tẹ́lẹ̀ rèé, ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́: a gbé ìjókòó àwọn ìbejì dání lọ síbẹ̀. Nígbà tí a dè é sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà kejì, ọ̀nà àtiwọ ìlà kẹta dí pátápátá. A wá so ọ̀kan sí òsì, a fi bẹ́líìtì ọkọ̀ so èkejì sí àárín, ọwọ́ ọ̀tún sì ṣófo. Ẹ̀gbọ́n wọn á kọ́kọ́ wọlé sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni màmá á jókòó síbẹ̀. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbà wá.

A kò tíì sanwó o. Mo ti fi VIN ránṣẹ́ sí yín, Bàbá Ìfẹ́.

Bàbá Ìfẹ́ (Baltimore, mo wà nílé lọ́wọ́)

Mo ti rí i, mo sì ti wò ó. Kò sí àtúnṣe kankan tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Ẹ san owó wọn. Pọ́ọ̀ǹpù omi yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí màmá tó dé. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì ìta pẹ̀lú, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ tú u kí ọwọ́ wọn tó dé ibi pọ́ọ̀ǹpù, ẹ kò ní san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.