Ẹ gbà mí, ìjàpá tí mo fi ìyẹ̀fun mọ fún ọmọ mi ti là

Ìyá Bọ́láńlé:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Ọjọ́bọ̀ ni tíṣà ní kí wọ́n mọ ìjàpá wá síléèwé ní Mọ́ńdè, pé a ò gbọdọ̀ rà á. Èmi tí mò ń jí dáná láago 4! Bàbá ẹ̀ ní mò ń fi oúnjẹ ṣeré. Mo ṣáà mọ ọ́n lánàá, títí kan èékánná. Ọmọ fi ẹnu ṣíbí tẹ ilà sí i lẹ́yìn. Kí n tó tajà dé, ẹ̀yìn ìjàpá ti wú, ó là láti ọrùn dé ìrù. Ẹkún lọmọ sun sùn. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Arẹwà Ìlẹ̀kẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìyẹ̀fun ife 2, iyọ̀ ife 1, omi ife 1, díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa da omi. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe é? Ibo lẹ sá a sí?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ̀ bá wa amọ̀ létí odò. Nígbà tá a wà ní kékeré, mọ́tò la máa ń mọ, ìdérí ìgò ni táyà ẹ̀.

Arẹwà Ìlẹ̀kẹ̀:
Bàbá, amọ̀ odò náà máa ń là bó bá yára gbẹ.

Ìyá Bọ́láńlé:
Orí páànù ni mo sá a sí. Ẹ má bínú sí mi, ọmọ ló ń kánjú.

Màmá Káyọ̀dé:
Nínú oòrùn! Ìta ti gbẹ, inú ṣì tutù, kí ni ò ní là? Abẹ́ ìbòòji ni, kẹ́ ẹ máa yí i padà.

Ọmọ Oníṣọ̀nà:
Inú ófùùnù tí iná ẹ̀ kéré lèmi ń gbé e sí.

Màmá Káyọ̀dé:
Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n ní ófùùnù?

Arẹwà Ìlẹ̀kẹ̀:
Ẹ ò tíì sọ iye iyọ̀ o, mà.

Ìyá Bọ́láńlé:
Mi ò fi iyọ̀ sí i. Puff-puff tí mò ń tà ló ṣẹ́ kù sínú abọ́, mo bu ìyẹ̀fun gbígbẹ lé e kó lè ki. Ṣé ẹ mọ iye tí ìyẹ̀fun ń lọ báyìí?

Arẹwà Ìlẹ̀kẹ̀:
Háà! Yíìsì ló wú yẹn, mà. Ṣúgà inú ẹ̀ á tún pe èèrà. Ẹ dà á nù. Ìyẹ̀fun ife 1, iyọ̀ ìlàjì, omi ìlàjì. Ẹ mọ ọ́n kékeré, kó fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ gbé e síwájú fáànù títí di Mọ́ńdè. Iyọ̀ yẹn ni ò ní jẹ́ kó bu. Ẹ má jẹ́ kí ajá jẹ ẹ́ o, iyọ̀ yẹn lè pa á.

Ìyá Bọ́láńlé:
Iyọ̀ wà nílé. Ọmọ ti jí, ó ń bi mí pé ṣíbí òun dà.