Onílé ní owó iná àti omi ti wà nínú owó ilé: ṣé kí n gbà á?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Iṣẹ́ ń gbé mi bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ti rí sẹ́ẹ̀fù-kọ̀ntéénì kan lápá Under G. ₦350,000 lọ́dún. Onílé ní iná, omi àti owó kólẹ̀kódọ̀tí ti wà nínú ẹ̀, ìyẹn ló fi fi ₦80,000 ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ọgbà, mítà kan ṣoṣo. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Bàbá Wáyà: Mítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀. Bó bá jẹ́ ti káàdì, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, kẹ́ ẹ ra ₦1,000 sí i. Bí gbèsè bá wà lórí ẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kí wọ́n tó fún yín ní yúnìtì; ẹ ó rí i lára rìsíìtì. Onílé tó jẹ gbèsè iná, iná ọ̀fẹ́ wo ló fẹ́ fún yín? Ẹ tún bi í pé báńdì wo, ìyẹn ìpele wákàtí iná, ni àdúgbò náà wà. Báńdì A ni wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, báńdì D jẹ́ 8, ṣùgbọ́n yúnìtì báńdì A wọ́n gan-an.

Ọmọ Ajílété: Sítóòfù oníná ló ń dá ìjà sílẹ̀ nírú ilé yẹn. Sítóòfù 2,000 wáàtì tí wọ́n fi se ẹ̀wà fún wákàtí méjì lójúmọ́ jẹ yúnìtì 4 (1,000 wáàtì fún wákàtí kan ni yúnìtì kan), ìyẹn 120 lóṣù. Gílóòbù 10 wáàtì tó tàn fún wákàtí 10 kò jẹ ju 0.1 lọ. Tí owó bá ti sú onílé, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná gbogbo ilé lọ́sàn-án, ẹ̀yin tẹ́ ò se ẹ̀wà náà á jókòó sínú ooru.

Ẹ pín ₦80,000 sí oṣù 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦6,700. Ẹ yọ ti omi àti ti kólẹ̀kódọ̀tí kúrò, kẹ́ ẹ fi iye yúnìtì kan tó wà lórí rìsíìtì pín èyí tó kù. Iye yúnìtì tí owó yín gbé lóṣù nìyẹn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àgíríméǹtì, kí wọ́n fi mítà kékeré tó ń ka iná tiyín nìkan sí yàrá yín, kẹ́ ẹ san èyí tó bá lé.

Ìyá Alómi: Omi ńkọ́? Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, kànga tí ò jìn a máa gbẹ lóṣù kejì sí ìkẹta. Ẹ má bi onílé, ayálégbé tó ti lo ẹ̀ẹ̀rùn kan níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi. Tánkì 1,000 lítà kékeré ni: èèyàn 12, báàkẹ́ẹ̀tì 20 lítà mẹ́rin-mẹ́rin, 960 ti lọ lọ́jọ́ kan. Bí ò bá wá síná, ta ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n á fi fa omi? Inú ìwé ni kí ìyẹn wà o.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Onílé gbà fún mítà kékeré, ṣùgbọ́n ó ní èmi ni màá rà á.

Bàbá Wáyà: Ẹ rà á, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé tiyín ni, ẹ ó tú u lọ bẹ́ ẹ bá ń kó jáde. Tí wọ́n bá ti fi í sí i, ẹ pa gbogbo nǹkan inú yàrá, kẹ́ ẹ wo iná pupa kékeré ojú ẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹnì kan ti fa wáyà lára tiyín. Kí wayamáànù má sì fọwọ́ kan síìlì, ìyẹn èdìdì, tó wà lára mítà ńlá; ẹ̀sùn olè iná ni wọ́n á fi kàn yín.