Ẹ fi ti owó sílẹ̀ díẹ̀: àjọ wo ló gbé iṣẹ́ ìwádìí yín dúró?

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ìwé jìjàkadì. Bí wọ́n bá ní ká dárúkọ àjọ tó ń ran yunifásítì àtàwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu: DAAD ti Jámánì, Fulbright ti Amẹ́ríkà, Commonwealth. Kò burú. Èmi náà kọ̀wé béèrè, wọn ò mú mi, mo sì gba oyè ọ̀mọ̀wé náà. Àwọn tó dì mí mú títí mo fi parí, bí mo bá dárúkọ wọn, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni kò gbọ́ ọ rí. Àjọ wo ló ṣe ohun kan fún yín tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe tiwọn ni, iṣẹ́ yín ì bá dẹnu kọlẹ̀?

Tèmi ni AuthorAID. Àjọ INASP ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2007, láti so àwọn olùṣèwádìí tó wà ní orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí já jẹ pọ̀ mọ́ àwọn tó ti pẹ́ nídìí kíkọ àpilẹ̀kọ sí jọ́nà. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ mi. Jọ́nà kan ló dá iṣẹ́ mi padà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i kò sì kún ìlà kan: èdè rẹ̀ kò dán mọ́rán. Mo kà á lákàtúnkà, mi ò rí ibi tí èdè ti wọ́.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ìmọ̀ ewéko ni wọ́n so mí pọ̀ mọ́. Mo rò pé gírámà ni wọ́n máa bá mi tún ṣe. Wọn ò fọwọ́ kàn án rárá. Wọ́n kàn fi àwọ̀ pupa fàlà sábẹ́ gbólóhùn kan ní ojú ewé kẹsàn-án, wọ́n wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ohun tí o wá sọ rèé. Kí ló wá ń ṣe níbí?" Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ẹ̀ka tiwa nìyẹn: kọ́kọ́ kí gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ tán, kó o tó la ẹnu tìrẹ. Màmá ní ẹni tó ń yẹ àpilẹ̀kọ wò fún jọ́nà kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. A gbé gbólóhùn yẹn wá sínú àṣamọ̀, ìyẹn àkópọ̀ ṣókí tó ń ṣáájú àpilẹ̀kọ, a gé ìkíni kúrú, jọ́nà mìíràn sì gbà á. Owó wo lèèyàn ì bá fún mi tó máa ṣe irú ìyẹn?

Ẹ̀yin ńkọ́?

Òṣìṣẹ́ láìbìrì

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé ẹ mọ Research4Life? Ọdún 2002 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àtàwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà fẹnu kò láti ṣí àwọn jọ́nà ìṣègùn sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tí kò lè rà á. Hinari ni wọ́n pe ìyẹn. Nígbà tó yá, AGORA dé fún iṣẹ́ àgbẹ̀, OARE fún àyíká, ARDI fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, GOALI sì dé fún òfin. Orílẹ̀-èdè tó wà ní ìsọ̀rí A, ìyẹn àwọn tí kò rí já jẹ jù lọ, kì í san nǹkan kan. Àwọn ti ìsọ̀rí B ń san owó díẹ̀ lọ́dọọdún.

Ibi tó ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nìyí: ẹnì kan ò lè dá forúkọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń forúkọ sílẹ̀, láìbìrì ló sì máa ń tọ́jú pásíwọọ̀dù. Bí ẹ ò bá wá bá wa, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé sí wa lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìdì ìwé tó fi abẹ́rẹ́ há pọ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni gbogbo wọn. Ó ti tẹ àṣamọ̀ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan jáde, torí pé ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́ kó rí kí wọ́n tó ní kó sanwó. Orí ìdì yẹn ló fẹ́ kọ́ orí kejì iṣẹ́ rẹ̀ lé. Mo ní kó mú èyí tó wà lókè wá, mo tẹ pásíwọọ̀dù, àpilẹ̀kọ náà ṣí, àtòun àtàwọn àtẹ rẹ̀. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó kà á lọ sísàlẹ̀, ó wá wojú mi: "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?" Mo ní gbogbo ẹ̀ ni. Ó jókòó, kò dìde mọ́ títí a fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀jọ́ láti rò o. Ẹnì kan nínú yín (kì í ṣe ẹni yẹn) lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá nǹkan gbà sílẹ̀ láti kó odindi jọ́nà, láti ẹ̀dà àkọ́kọ́ títí dé èyí tó jáde kẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ rí i, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ ò mọ ìmeèlì ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ kí wọ́n tó ṣí i padà. Èyí tí ẹ bá máa kà ni kí ẹ mú, ẹ jọ̀ọ́.

Oníkòkòrò

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi àti ẹnì kan tí mi ò rí rí la jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, àtorúkọ bàbá àtorúkọ tó ṣáájú rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo ni mò ń wádìí. Ìrora ẹ̀yìn ni tiwọn. Àpilẹ̀kọ wa wá dàrú mọ́ra lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn aláìsàn ń kọ̀wé sí mi pé ìdí ń dùn wọ́n. Ìgbìmọ̀ kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo kọ gbogbo èyí tí mo kọ sílẹ̀, torí pé ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wá orúkọ mi kò bá a mu.

ORCID ló yọ mí. Láti 2012 ni wọ́n ti ń fún olùṣèwádìí ní nọ́ńbà tirẹ̀, onídìjíìtì 16 (nígbà míì X ló máa ń gbẹ̀yìn). Olùṣèwádìí kì í sanwó. Yunifásítì àtàwọn tó ń tẹ jọ́nà ló ń san owó ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé àjọ náà ró. Nọ́ńbà yẹn wà lórí gbogbo iṣẹ́ mi báyìí. Àwọn onírora ẹ̀yìn ṣì ń kọ̀wé o, mo kàn máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó ni wọ́n ni.

Másítáàsì ọdún kìíní

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi láìbìrì, ẹnì kan ní àjọ kan fẹ́ fún mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Jọ́nà kan tún ní òun á tẹ iṣẹ́ mi láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Òṣìṣẹ́ láìbìrì

Má san án. DAAD kì í gba owó fọ́ọ̀mù, OWSD (àjọ àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì) kì í gbà á. Ti jọ́nà yẹn, lọ wò ó bóyá ó wà nínú àkójọ DOAJ. Láti 2003 ni wọ́n ti ń to àwọn jọ́nà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé jọ, wọ́n sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ta ló lè yẹ iṣẹ́ wò dáadáa láàárín ọjọ́ mélòó kan?

Aláyẹ̀wò omi

Ẹ ti dárúkọ OWSD, ẹ jẹ́ kí n rú òfin ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí pé wọ́n fún mi lówó. Ọ́fíìsì wọn wà ní Trieste ní Ítálì. Orílẹ̀-èdè mìíràn tó ṣì ń gòkè àgbà bíi tiwa ni wọ́n máa ń ní kéèyàn lọ, kì í ṣe àwọn ìlú olówó.

Mo kọ́kọ́ rò pé àbùkù ni. Ẹ̀rọ tí mo nílò wà ní yunifásítì tiwa, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n ń dúró de ẹ̀yà ara kan tó bàjẹ́. Irú ẹ̀rọ kan náà ló wà níbi tí mo lọ, ó ti dàgbà ju tiwa lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ lábù wọn, tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ló ń tú u tó ń tò ó. Mo dúró tì í, mo ń bá a mú nọ́ọ̀tù rẹ̀ dání. Bí mo ṣe padà délé, mo mọ ohun tó ń ṣe tiwa, kì í sì í ṣe ẹ̀yà tí wọ́n ń dúró dè. Ká ní ìlú tí wọ́n ti máa ń ra ẹ̀rọ tuntun ni mo lọ ni, ta ló máa kọ́ mi nìyẹn?

Etí ni mo fi ń kàwé

Afọ́jú ni mí. NVDA ni tèmi. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ojú ẹ̀rọ sókè ni. Michael Curran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2006, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn; afọ́jú ni àwọn méjèèjì, àjọ wọn sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Kí n tó mọ̀ ọ́n, ọ́fíìsì tó yẹ kó gbọ́ tiwa ní ilé ẹ̀kọ́ wa máa ń ní kí n mú ẹni tó máa kàwé fún mi wá. Ẹ wá rò ó wò: kí n máa bẹ ọ̀rẹ́ pé kó ka àtẹ oníṣirò fún mi, nígbà tí òun náà ní ìdánwò lọ́la.

Àdéhùn Marrakesh ti 2013 náà ṣe wá lóore. Orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n lè ṣe ẹ̀dà ìwé tí àwa lè kà, kí wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ kọjá ẹnubodè, láìjẹ́ pé wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ohun tó kù tó ń yọ mí lẹ́nu ni PDF tó jẹ́ àwòrán. Ojú yín á rí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. NVDA á dákẹ́ lọ gbári. Ẹ̀gbọ́n láìbìrì, ṣé àwọn tó wà lórí Research4Life ṣeé kà?

Òṣìṣẹ́ láìbìrì

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tuntun ṣeé kà. Àwọn tó ti pẹ́ ni wọ́n fi ẹ̀rọ yà bí àwòrán. Kọ àkọlé wọn ránṣẹ́ sí mi. A ní ètò tó ń sọ àwòrán di ọ̀rọ̀, àmọ́ ó máa ń ka nọ́ńbà 1 sí lẹ́tà l, pàápàá nínú àtẹ. Èmi á fojú tẹ̀ lé e kí n tó fi ránṣẹ́. Èyí tó o nílò kíákíá jù ni kó o kọ́kọ́ kọ.