Àbúrò mi fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí: ṣé a lè rí ìpàdé àwọn tó ti fi í sílẹ̀ nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Káfíńtà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Tákìé. Ṣùgbọ́n ọtí inú ọ̀rá ti gbà á lọ́wọ́ wa. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kò lè di ìṣó mú, ọwọ́ á máa gbọ̀n títí yóò fi já ọ̀rá kan mu. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ sí Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

A ti gbàdúrà, a ti bá a wí, ẹbí ti pè é jókòó. Yóò búra, kò ní pẹ́ tí yóò tún padà sídìí ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ẹni tó ń gbà mí níyànjú ni kò mutí rí. Ẹni tó ti mu ún bí èmi, tó sì ti fi í sílẹ̀, ni mo fẹ́ jókòó tì." Ó ní òun gbọ́ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ṣé wọ́n ń gbowó? Mùsùlùmí ni wá, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní kó yí ẹ̀sìn padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u fún mi.

Ìyá Aláṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ní oògùn kan wà tí wọ́n máa ń bù sóúnjẹ ọ̀mùtí láìjẹ́ kó mọ̀. Tó bá mutí lé e, á bì títí ọtí á fi sú u. Ẹ bá a wá a.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má bínú, Mà, kí wọ́n má dán an wò. Disulfiram ni oògùn yẹn, dókítà ló ń kọ ọ́, fún ẹni tó mọ̀ pé òun ń lò ó. Ẹni tí kò mọ̀, tó lọ mutí lé e, àyà á máa lù kìkì, èémí á há, ó sì lè gba ibẹ̀ kú.

Ẹ̀gbọ́n tó bèèrè, ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ọtí ti mọ́ ọn lára débi pé tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹlòmíì á máa ṣèrànrán, á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ má tì í mọ́lé pé kó gbàgbé ọtí o! Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, ì báà jẹ́ LAUTECH tàbí Bowen níbí, kó sì sọ iye tó ń mu gan-an fún dókítà. Wọ́n lè fún un ní oògùn tí ara rẹ̀ á fi rọlẹ̀, tí wọ́n á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú fítámì B1, torí ọtí kì í jẹ́ kó dúró lára, àìsí rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ jẹ́. UCH Ìbàdàn náà wà, Àrò ní Abẹ́òkúta náà wà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Àrò dẹ́rù bà yín. Wọ́n ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún níbẹ̀.

Ará Ìbàdàn: Ọ̀mùtí ni èmi náà, mi ò fẹnu kan ọtí mọ́. Ohun tí àbúrò yín sọ yẹn gan-an ló bí ẹgbẹ́ náà. Alcoholics Anonymous ni wọ́n ń pè é, AA. Lọ́dún 1935, Bill Wilson wà ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, òwò tó bá lọ ti forí ṣánpọ́n, òùngbẹ ọtí ń gbẹ ẹ́. Kàkà kó wọ ilé ọtí, ó wá ọ̀mùtí mìíràn tó lè bá sọ̀rọ̀. Dókítà Bob Smith ló rí. Àwọn méjèèjì ló dá a sílẹ̀.

Nínú ìpàdé, èèyàn á sọ pé, "Lágbájá ni mí, ọ̀mùtí ni mí," kò ní dárúkọ bàbá rẹ̀. Á sọ bí ọtí ṣe ṣe é àti bó ṣe ń gbé e lónìí. Wọn kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni, wọn kì í báni wí. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Wọ́n máa ń gbé igbá kiri, ẹni tó bá wù ló ń fi nǹkan sí i. Pé o fẹ́ jáwọ́ ni wọ́n ń béèrè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ẹ̀sìn, ìgbésẹ̀ 12 tí wọ́n ń tẹ̀ lé dárúkọ Ọlọ́run, àmọ́ "bí kálukú ṣe mọ̀ Ọ́n" ni. Kó máa kírun rẹ̀ lọ.

Ìpàdé wà lórí fóònù náà, ó lè pa kámẹ́rà. Ẹ sì bi dókítà bóyá àwọn mìíràn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń wá irú ẹ̀: ọ̀mùtí 2 tàbí 3 tó bá jókòó pọ̀ torí àtijáwọ́ ti tó ẹgbẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ wá Al-Anon, ti ẹbí ọ̀mùtí nìyẹn, ó ti wà láti 1951.

Awakọ̀, Ọ̀yọ́: Ìpàdé dáa, àmọ́ bíi wákàtí kan ni. Tí oníparágà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ bá a wá ọ̀nà mìíràn tí yóò máa gbà kọjá. Tó bá sì tún mu, ẹ má lé e.

Ẹni tó bèèrè: Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní kí n bi yín, ṣé dandan ni kó pe ara rẹ̀ ní ọ̀mùtí lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ará Ìbàdàn: Kì í ṣe dandan. Ó lè ní òun wá gbọ́ ni, kó sì dákẹ́. Kó ṣáà má tètè sá lọ tí ìpàdé bá parí, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń gba nọ́ńbà ara wọn. Kó gba ti ẹnì kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, tó lè pè tí òùngbẹ bá dé lóru.